Ìkòkò irin onítánganran tó jóná: békìǹ sódà ni àbí Bar Keepers Friend (ìyẹ̀fun ìfọ̀kòkò kan)?

Tánganran tó bo ìkòkò irin yìí dà bí gíláàsì tí wọ́n yọ́ mọ́ irin lára. Bó bá ti sán tàbí tó bó, kò ṣeé tún ṣe nílé. Nítorí náà, jẹ́ kí ìkòkò tutù pátápátá kí omi tútù tó kàn án, kí o sì gbàgbé kànrìnkàn onírin.

Békìǹ sódà kò wọ́n. Bu omi bo ibi tó jóná, fi síbí ìjẹun 2 sí lítà omi 1, jẹ́ kó máa hó díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí o fi síbí onígi rọra họ ọ́. Ó ń gba sùúrù: èépá tó ti pẹ́ lè gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Má da fíníkà mọ́ ọn, wọn á pa agbára ara wọn ni.

Bar Keepers Friend yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì wọ́n jù. Ásíìdì ọ́sálíìkì ló wà nínú rẹ̀. Fi omi díẹ̀ pò ó, fi kànrìnkàn rírọ̀ pa á yíká, kí o sì ṣàn án dànù láàárín ìṣẹ́jú 1. Wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Má ṣe jẹ́ kó pàdé bílíìsì láéláé, nítorí èéfín rẹ̀ léwu.

Bó bá jẹ́ ọbẹ̀ tàbí ìrẹsì ló gan mọ́ ìdí ìkòkò, sódà ni kí o mú. Bó bá jẹ́ ilà aláwọ̀ eérú tí síbí onírin fà sílẹ̀, sódà kì í sábà ràn án. Ìyẹ̀fun kejì ló mọ iṣẹ́ yẹn.