Iṣẹ́ àtúnṣe DD-214 fún àwọn tí ológun Amẹ́ríkà lé nítorí ẹni tí wọ́n ń fẹ́

Láti ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án 2011 ni ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ti lè ṣiṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà láì fi ara pamọ́. Ọjọ́ náà ni òfin "Don't Ask, Don't Tell" kásẹ̀ nílẹ̀, lẹ́yìn tó ti lé àwọn tó ju 13,000 lọ. Òfin ti lọ, àmọ́ DD-214, ìwé ìjáde wọn, ṣì wà lọ́wọ́ wọn, òun sì ni agbanisíṣẹ́ àti báńkì máa ń béèrè. Iṣẹ́ àwọn ìgbìmọ̀ tó ń tún un ṣe la fẹ́ gbé yẹ̀ wò níbí.

Ìsàlẹ̀ ìwé náà ni ọ̀rọ̀ wà. Àyè 24 ń sọ irú ìjáde tó jẹ́, 26 ni kóòdù ìdí, 27 ń sọ bóyá ẹni náà lè padà wọṣẹ́, 28 sì kọ ìdí ọ̀hún gbàgàdà, bíi "Homosexual Admission" (ó jẹ́wọ́ pé ẹni tí òun ń fẹ́ bá òun dọ́gba ní akọ tàbí abo). Ẹlòmíì ní "Honorable" (ìjáde iyì) ní 24, síbẹ̀ kí 28 máa tú àṣírí rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ka ìwé náà. Ìlànà tí iléeṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà fún àwọn ìgbìmọ̀ ní 2011 ní kí 24 di "Honorable", 26 di JFF, 27 di RE-1J (ó lè padà wọṣẹ́), 28 di "Secretarial Authority" (àṣẹ olórí iléeṣẹ́, láì dárúkọ ìdí kankan), bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni wọ́n tìtorí rẹ̀ lé e. "General", irú ìjáde tó rẹlẹ̀ sí "Honorable", kò tó fún owó ilé ìwé GI Bill tí ìjọba ń san fún àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun, nítorí náà àtúnṣe 24 kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyì nìkan.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀dà tí ẹ mú lọ́wọ́. Ẹ̀dà DD-214 tí wọ́n ń pè ní Member-1 kúrú, àwọn àyè wọ̀nyí kò sí nínú rẹ̀. Member-4 ni kí ẹ wá. Bó bá ti sọnù, fọ́ọ̀mù SF-180 ni ẹ ó fi béèrè rẹ̀ ní ibi ìkówèépamọ́ ológun ní St. Louis. Ẹ béèrè fáìlì iṣẹ́ lódindi pẹ̀lú, torí inú rẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Iná 1973 jó fáìlì mílíọ̀nù 16 sí 18 níbẹ̀, pàápàá ti àwọn ológun orí ilẹ̀ tó jáde ṣáájú 1960. Àwọn tí fáìlì wọn jó ní láti wá lẹ́tà, ìwé oyè, ohunkóhun tó bá ṣẹ́ kù.

Fọ́ọ̀mù méjì ni wọ́n fi ń bẹ ìgbìmọ̀ fún àtúnṣe. DD 293 wà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 15 tó ti jáde. DD 149 ni tàwọn yòókù. Gbèdéke ọdún 3 wà lórí èyí, àmọ́ ìgbìmọ̀ lè fojú fò ó bí ẹ bá kọ ìdí tí ẹ fi pẹ́ síbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè rẹ̀. Ẹ má fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Kò sí ìdí fún ẹ̀bẹ̀ gígùn; ẹ tọ́ka sí ìlànà 2011, kí ẹ so ẹ̀rí mọ́ ọn. Ọ̀fẹ́ ni o. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù, gbájú-ẹ̀ ni.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ń há ni bí ẹ̀sùn mìíràn bá wà nínú fáìlì. Bó bá jẹ́ pé irọ́ tí ẹni náà pa nípa ara rẹ̀ nígbà tó ń wọṣẹ́ ni ẹ̀sùn ọ̀hún, ẹ ṣàlàyé pé òfin ìgbà náà ló fà á. Àwọn tí ilé ẹjọ́ ológun dá lẹ́bi lábẹ́ Article 125, òfin ológun tó ka irú ìbálòpọ̀ kan sí ẹ̀ṣẹ̀, fún ohun tí àgbàlagbà méjì jọ fẹ́ ní ìdáríjì Ààrẹ Biden ti oṣù Kẹfà 2024, ṣùgbọ́n ìdáríjì kò yí DD-214 padà. Wọn yóò gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí wọ́n tó tún kọ DD 149.

Òfin ní kí ìgbìmọ̀ parí ìpín 90 nínú 100 láàárín oṣù 10, kí ìkankan má sì kọjá oṣù 18. Ó pẹ́ jù. Ní 2024, iléeṣẹ́ ààbò fúnra rẹ̀ yẹ fáìlì tó lé ní 800 wò láì dúró de ìwé ẹnikẹ́ni, ó sì tún èyí tó pọ̀ jù ṣe. Agbára rẹ̀ wà, ẹ ò rí i. Àwọn tí wọ́n lé ṣáájú "Don't Ask, Don't Tell", tó jẹ́ òfin 1993, kò sí nínú àyẹ̀wò ọ̀hún.

Bí ìdáhùn bá dé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá DD-214 tuntun ni, tàbí DD-215. DD-215 kàn ń lẹ̀ mọ́ ìwé àtijọ́ ni, ohun tó wà ní 28 ṣì ṣeé kà. Ẹ béèrè fún tuntun.