Lẹ́ǹsì ₦4,000 tí Mo Rà ní Adó-Èkìtì, àti Kòkòrò tí Mo Rò pé Ó Jẹ́ Tuntun

Lẹ́ǹsì méjì ni mo rà ní oṣù Kejìlá tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, níbi tí wọ́n ti ń ta awò ojú, bátìrì àti wáyà fóònù pọ̀ mọ́ra wọn. Èyí kékeré, tí a lè pa dé sínú irin rẹ̀ bí ọ̀bẹ àpò, ni wọ́n kọ 10× sí lára, ìyẹn ni pé ó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá, ₦4,000 sì ni mo san lé e. Èyí ńlá ní ọwọ́ gígùn àti iná kéékèèké méjì. 30× ni wọ́n kọ sí i, ₦6,500 ni wọ́n sì gbà. Ohun tó gbé mi dé ibẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ mi tó wà ní ọ̀nà Ìlawẹ̀. Ọ̀mùnú rẹ̀ ń kéré sí i lójoojúmọ́, àmì funfun wínníwínní kún ojú ewé rẹ̀, mo sì fẹ́ mọ ohun tí ń ṣe é kí n tó náwó sórí oògùn fífọ́n.

Èyí ńlá kò yẹ ní rírà. Ẹ lè dán lẹ́ǹsì wò nínú ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó mówó jáde: ẹ gbé e sún mọ́ ojú yín pẹ́kípẹ́kí, kí ẹ máa fa ìwé tí a tẹ̀ sún mọ́ ọn títí lẹ́tà rẹ̀ yóò fi hàn gedegbe, kí ẹ sì fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín ìwé àti lẹ́ǹsì. Iye mìlímítà tí ẹ bá rí ni kí ẹ fi pín 250. Èyí kékeré fún mi ní mìlímítà 25, tó túmọ̀ sí pé 10× tí wọ́n kọ sí i jẹ́ òótọ́. Èyí ńlá fún mi ní 70, èyí tí kò tilẹ̀ pé 4×, débi tí a ó fi dé 30×. Nígbà tí mo padà lọ fi rúlà han ọkùnrin tó tà á fún mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni àwa náà ṣe ń tà á.” Kò dá owó mi padà.

Lẹ́ǹsì kékeré yìí ló ṣe iṣẹ́. Ẹni tó bá nà án síwájú bí ìgbà tí a ń ka ìwé kò ní rí ohunkóhun. Ojú ni a ń gbé e sún mọ́, kí a sì gbé ewé wá bá a, pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ní àyà kí ọwọ́ má baà gbọ̀n. Lábẹ́ ewé ẹ̀gẹ́ ni mo ti kọ́kọ́ rí ọ̀tá náà, máìtì, ìbátan eégbọn àti aláǹtakùn, aláwọ̀ ewé tí ń rìn jẹ́jẹ́, tí ẹyin rẹ̀ rí róbótó. Mononychellus tanajoa ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ọdún 1971 ni wọ́n sì kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ Áfíríkà, ní Uganda. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni ìgbà tirẹ̀.

Ohun tó mú kí owó náà tọ́ sí lẹ́ǹsì yìí wà ní ṣóńṣó orí ẹ̀gẹ́. Mo fi èékánná ya àwọn ọ̀mùnú tó dì mọ́ra wọn níbẹ̀, kòkòrò kan tó ń dán, tí ara rẹ̀ rí bí èso píà, tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ gùn, sì sáré kọjá lójú mi bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Typhlodromalus aripo ni, máìtì tí ń pa máìtì jẹ. Láti Brazil ni àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ti mú un wá, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Benin ní ọdún 1993. Ní ọ̀sán, inú ọ̀mùnú ló ń sá pa mọ́ sí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó di ọdẹ orí ewé. Ẹ̀gẹ́ tí ọ̀mùnú rẹ̀ ní irun ló fẹ́ràn láti máa gbé, bí oúnjẹ rẹ̀ bá sì wọ́n, ó lè fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó àgbàdo gbé ẹ̀mí ró. Mo dá oògùn tí mo fẹ́ fọ́n dúró ní ọjọ́ yẹn, nítorí òun gan-an ni oògùn náà ì bá kọ́kọ́ pa.

Ọkùnrin inú ṣọ́ọ̀bù ti sọ fún mi pé irú lẹ́ǹsì yìí ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣàwárí ẹ̀dá tuntun. Mo gbà á gbọ́ ju bó ti yẹ lọ. Ní oṣù Kejì, mo rí máìtì mìíràn tí ara rẹ̀ funfun ràkọ̀ràkọ̀ lábẹ́ ewé àárín igi, ní ọ̀sán gangan, tí kò sí nínú ọ̀mùnú rárá. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tínrín tó tutù gbé mẹ́rin sínú ìgò sípíríìtì, mo sì gbé wọn tọ onímọ̀ kòkòrò kan lọ ní yunifásítì kan. Nínú ọkàn mi, mo ti ń ronú orúkọ tí n óò sọ ọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ibi tí agbára 10× mọ. Gbogbo gígùn ẹ̀dá náà kò tó ìdajì mìlímítà, irun ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń dá a mọ̀. Onímọ̀ náà tẹ́ ọ̀kan sórí gíláàsì pẹlẹbẹ pẹ̀lú oje kan tí gọ́ọ̀mù arábíìkì wà nínú rẹ̀ (a kúkú ń kó gọ́ọ̀mù náà ní òkè ọya wa níbí), ó fi í sínú ooru fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó gbẹ, lẹ́yìn náà ló gbé e sábẹ́ máíkíróskóòpù. Irun kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, bíi j1 àti Z5, ó sì ń wọn gígùn wọn ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Ó ka eyín ẹnu rẹ̀, ó sì yẹ àpò tí abo ń fi àtọ̀ akọ pamọ́ sí wò, nítorí ẹ̀yà méjì lè jọra ní gbogbo ọ̀nà kí ó jẹ́ pé àpò yìí nìkan ni yóò yà wọ́n. Nínú Phytoseiidae, ìdílé tí máìtì yìí wà, ẹ̀yà tí wọ́n ti fún lórúkọ lé ní 2,000. Kí a tó pe ọ̀kan ní tuntun, a gbọ́dọ̀ fi wé àwọn ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ, kí a yan ọ̀kan, tó sábà máa ń jẹ́ abo, ní ẹlẹ́rìí orúkọ náà, kí a fi í pamọ́ sí mùsíọ́mù, kí a sì tẹ àpèjúwe rẹ̀ jáde.

Èsì tèmi dé lẹ́yìn oṣù kan: Euseius fustis ni, tí àwọn onímọ̀ méjì, Pritchard àti Baker, ti ṣàpèjúwe ní ọdún 1962, tí ó sì wọ́pọ̀ lórí ẹ̀gẹ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó ti ń jẹ́ orúkọ kí wọ́n tó bí mi ni mo fẹ́ ṣe ìkómọjáde fún.

Síbẹ̀, n óò tún ra lẹ́ǹsì kékeré náà bí ó bá sọnù. Ìdè rẹ̀ ti dẹ̀ láti oṣù Kẹta, òwú ni mo fi so ó, kò sì ní ihò tí a lè ki okùn bọ̀ láti fi í kọ́ ọrùn; ẹ̀ẹ̀mejì ló ti já bọ́ sáàárín ebè. Èyí ńlá wà lọ́dọ̀ màmá mi, tí wọ́n fi ń ka Bíbélì ní alẹ́. Ọ̀kan nínú iná rẹ̀ ti kú.