Oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń fi ẹ̀rọ rajà sí sítọ́ọ̀ mi ní Àkúrẹ́

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta mílíìkì, ṣúgà, núdù àti ọṣẹ nítòsí Ọjà Ọba, ní apá Arákalẹ̀. Àwọn alárọ́ọ̀bọ̀ tó ń wá láti Ìdànrè, Ìgbátòrò àti Ìtaògbólú ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Tẹ́lẹ̀, bí ọjà bá ti ń tán, àbúrò mi á to orúkọ wọn sínú ìwé, á gun ọ̀kadà lọ sí ilé ẹrù apínjà tí a ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á dà á kọ sínú ìwé tiwọn, akọ̀wé á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ínfọ́ìsì á jáde, èmi náà á tún jókòó lálẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé gbèsè. Ọjà kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin la ń kọ ọ́. Páálí 24 sì lè di 42 kó tó dé ọwọ́ ẹni kẹrin.

Ìdí nìyẹn tí mo fi tètè gbà nígbà tí apínjà náà ní àwọn ti ń gba ọ́dà lórí ẹ̀rọ, 3,500 náírà lóṣù. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹjọ́ wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, wọ́n sì ti ń tún un ṣe.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Mo máa ń ṣí ojú-ìwé wọn lórí kọ̀ǹpútà kékeré inú sítọ́ọ̀, màá wá ọjà náà nínú àkójọ wọn, màá kọ iye tí mo fẹ́, màá fi ránṣẹ́. Inú kọ̀ǹpútà tiwọn ló ń bọ́ sí tààrà, láìsí ẹni tó ń tún un tẹ̀. Èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní EDI (Electronic Data Interchange), ìyẹn kí kọ̀ǹpútà kan máa fi ìwé ọjà ránṣẹ́ sí òmíràn. Àwọn kan nínú ọjà sọ pé WhatsApp náà ń ṣe é. Rárá o. Bí ẹ bá ya fọ́tò ìwé ọjà yín ránṣẹ́, èèyàn kan ṣì máa jókòó kà á, á sì tún un tẹ̀.

Ọmọ mi tó wà ní FUTA ló sọ ibi tó ti ṣẹ̀ fún mi. Ní 1948, wọ́n dí ọ̀nà ilẹ̀ tó wọ ìwọ̀-oòrùn ìlú Berlin ní Jámánì, ọkọ̀ òfuurufú ló wá ń kó oúnjẹ àti èédú lọ fún wọn. Ìwé ẹrù ń dé ní oríṣiríṣi. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, Edward Guilbert, wà lára àwọn tó ṣètò ìwé ẹrù oníru kan tí gbogbo wọn á máa lò. Ìgbà tó di 1987 ni ìlànà ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún irú ìwé ọjà orí kọ̀ǹpútà yìí, UN/EDIFACT, jáde. Ìtàn yẹn là mí lójú. Àdéhùn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, kí kọ̀ǹpútà tó dé bá a.

Àdéhùn yẹn gan-an ló já mi kulẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá, mo fi ọ́dà páálí mílíìkì 40 ránṣẹ́. Agolo 48 ló ń wà nínú páálí kan. Ní ọjọ́ Sátidé, awakọ̀ wọn dé, ó gbé páálí kan ṣoṣo kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó na wéébìlì sí mi.

“Ìyókù ńkọ́, ọmọ mi?”

“Màmá, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyí o.”

Mo tú páálí náà. Agolo 40 ló wà níbẹ̀, àyè agolo mẹ́jọ sì ṣófo lórí. Nínú àkójọ ọjà wọn, nọ́ńbà bákóòdù ara agolo, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 615, ni wọ́n kọ sí ibi tó yẹ kí nọ́ńbà páálí wà. Akọ̀wé àtijọ́ ì bá ti pè mí pé, “Màmá, ṣé agolo 40 lẹ fẹ́ ni?” Ẹ̀rọ ò lè béèrè. Obìnrin mẹ́ta láti Ìdànrè fi àpò òfìfo padà sílé lọ́jọ́ yẹn, ó sì dùn mí wọra, nítorí owó ọkọ̀ ni wọ́n ná wá. Ẹ kíyè sí nọ́ńbà páálí àti ti ẹyọ kan kí ẹ tó fi ọ́dà àkọ́kọ́ ránṣẹ́.

Ẹ tún kíyè sí èsì. Èyí tó kọ́kọ́ ń wọlé ń sọ pé ọ́dà yín dé, ẹ̀rọ sì rí i kà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èsì mìíràn ló ń sọ iye ẹrù tó wà nílẹ̀ fún yín. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, wọn ò fi èyí ránṣẹ́ rárá, àfi ìgbà tí mo lọ síbẹ̀ fúnra mi. Mo bá sítọ́ọ̀kípà wọn tó tẹ ọ́dà mi jáde sórí pépà, tó ń fi báírò dà á kọ sínú rẹ́jísítà ńlá. Ó ní iná ò ṣeé gbọ́kàn lé, ọ̀gá ló ní kí òun máa kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ iná yé mi, èmi náà ń ra epo jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n àkọtúnkọ tí mo ń sanwó lóṣooṣù láti sá fún náà ló tún bá mi níbẹ̀ yẹn, mo sì sọ ọ́ fún ọ̀gá wọn lójú-kojú.

Ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa ni ínfọ́ìsì. Nígbà tí náírà onípépà ṣọ̀wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tíránsífà la fi ń gba ara wa là, àmọ́ kò sí ẹni tó mọ owó tó jẹ́ ti ọjà wo. Ní báyìí, nọ́ńbà ínfọ́ìsì ń bá owó rìn. Ìṣirò gbèsè tó ń gba òru méjì lóṣù kò gbà mí ju wákàtí kan lọ. Ìjọba àpapọ̀ náà ti ń mú àwọn ilé-iṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún tó bílíọ̀nù 5 náírà láti máa fi ínfọ́ìsì gba orí ẹ̀rọ agbowó-orí láti 2025, nítorí náà àwọn tó ń kó ọjà fún apínjà wa ò ní padà sí ìwé.

Ẹni tó ń rajà lẹ́ẹ̀kan lóṣù lè fi owó rẹ̀ pamọ́. Fún ẹni tó ń rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bíi tèmi, mo fọwọ́ sí i.

Láàárọ̀ òní, mo béèrè páálí núdù 40. Kí n tó gbá ẹnu ọ̀nà tán, èsì ti dé pé 31 ló wà nílẹ̀. Mo pe oníbàárà mi ní Ìgbátòrò kó tó wọ ọkọ̀.