Bátìrì tuntun, alternator tòkunbọ̀: ohun tó yẹ kí ẹ fi wéra kí owó tó jáde lápò

Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò ṣíná láàárọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ wa ní Òṣogbo máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé bátìrì ti kú, a ó sì forí lé ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á. Bẹ́ẹ̀, àmì kan náà ni bátìrì tó ti gbó, alternator (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí kó lè máa pèsè iná, kó sì máa sáájì bátìrì) tí kò gbé iná wá mọ́ àti orí bátìrì (ibi tí wáyà ti so mọ́ ọn) tó ti dípẹtà máa ń fi hàn, owó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń gbà kò sún mọ́ra rárá. Aládùúgbò mi kan ní Òkè-Fìà ra bátìrì méjì láàárín oṣù mẹ́rin kí rìwáyà kan tó rí i pé wáyà tó so bátìrì mọ́ irin ọkọ̀ ló ti jẹra.

Nítorí náà, mítà tí a fi ń wọn fólìtì iná ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí ọkọ̀ bá ti sùn mọ́jú, tí a kò tíì tan ohunkóhun, bátìrì tó kún yóò sọ nǹkan bíi fólìtì 12.6, 12.2 túmọ̀ sí pé ó ti lọ sí ìdajì. Nígbà tí a bá ń ṣíná, kò yẹ kó já wálẹ̀ ju 9.6 lọ, bí èyí tó kún bá já sí 8, bátìrì ni aláìsàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí mítà wà láàárín 13.8 sí 14.5. Bí ó bá dúró sí 12 tó sì ń lọ sílẹ̀, ẹ yẹ bẹ́líìtì tó ń yí alternator wò ná, kí ẹ tó dá alternator lẹ́bi. Bí ó bá ju 15 lọ, ohun tó ń díwọ̀n iná nínú alternator ti bàjẹ́, yóò sì máa se omi bátìrì gbẹ. Bí gbogbo èyí bá dára, tí bátìrì sì tún sọ̀ kalẹ̀ mọ́jú, ohun kan ló ń fa iná lábẹ́lẹ̀, bí rédíò tàbí ẹ̀rọ adáàbòbò tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn ìgbà tí ẹ ra ọkọ̀. Ẹ má ṣe gbà fún ẹni tó bá fẹ́ yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti fi dán alternator wò. Àṣà àtijọ́ ni, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ayé òde òní kò sì lè gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọjà. Èrò tèmi ni pé tuntun ni kí ẹ ra bátìrì, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ lè tó fún alternator. Ìdí rẹ̀ ni pé òjé àti ásíìdì tó wà nínú bátìrì ń gbó lójoojúmọ́, ìbáà ṣiṣẹ́, ìbáà má ṣiṣẹ́, ooru wa níhìn-ín sì ń mú un yára. Ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ lè sáájì í lóru kó fi 12.6 hàn yín láàárọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá fi ṣíná ni àṣírí ń tú. Òjé àti bàbà kò rí bákan náà: irin àti wáyà bàbà ni ọ̀pọ̀ ara alternator, ohun tó sábà máa ń jẹ tán nínú rẹ̀ ni kábọ̀n (èyí tó ń gbé iná wọ inú ibi tó ń yí) àti bẹ́rìn (èyí tó jẹ́ kó lè máa yí geere), méjèèjì sì ṣeé pààrọ̀. Bí kábọ̀n nìkan ló bá tán nínú tiyín, àtúnṣe dára ju kí ẹ ra òmíràn lọ. Tuntun olówó pọ́ọ́kú kò fi dandan sàn ju ojúlówó tòkunbọ̀ lọ.

Láàárín bátìrì olómi àti èyí tí a kì í bu omi sí, olómi dára fún ẹni tó lè máa ṣí i wò, kó sì máa bu omi bátìrì sí i, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Ẹni tí kò ráyè ìyẹn, kó ra ìkejì. Èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́, ẹ béèrè bí a ṣe ń ka déètì tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, kí ẹ sì gbé mítà lé e. Tuntun tí kò tó 12.4 ti jókòó pẹ́ jù lórí àtẹ. Ẹ má ṣe ra èyí tí ámpìà rẹ̀ (ìwọ̀n iná tó lè gbé) kéré sí ti àtijọ́.

Ní ti alternator, ẹ gbé èyí tó bàjẹ́ dání lọ sí ìsọ̀ kí ẹ fi wé e: ojú ihò bóòtì, iye ojú bẹ́líìtì, ìrísí ibi tí wáyà ń wọ̀, àti iye ámpìà tí wọ́n kọ sí i. Ẹ fọwọ́ yí i. Bí ó bá ń han, ẹ gbé e padà. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ lálẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọláìyá, tó tan iná iwájú àti ẹ̀rọ amúlétutù pọ̀, kò gbọdọ̀ gba èyí tí ámpìà rẹ̀ kéré, torí pé iná tí alternator ń mú wá máa ń dínkù bí ẹ́ńjìnnì bá rọra ń yí. Ẹ fẹnu kò lórí iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà, kí ó sì wà lórí rìsíìtì.

Kí wọ́n tó so alternator náà mọ́ ọkọ̀, ẹ gbé bátìrì tó ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń sáájì, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Alternator tí a bá fi kún òfìfo bátìrì yóò gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, owó kejì sì tún dé.