Ìfiwéra Àwọn Ìpara Àmì Dúdú Ojú fún Ẹni tó Fẹ́ Rajà ní Abẹ́òkúta

Àwọn ohun tí wọ́n ń tà fún àmì dúdú ojú ní Ìtòkú, ní Kútọ̀ àti ní àwọn ilé ìtajà oògùn káàkiri Abẹ́òkúta kò lóǹkà, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó sanwó, ó yẹ kó mọ irú àmì tó wà lójú òun. Àpá dúdú tí irorẹ́ tàbí egbò fi sílẹ̀ sábà máa ń ṣá fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, bí a kò bá máa họ ọ́. Èyí tó tẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, iwájú orí tàbí òkè ètè, tó sábà máa ń yọ sí obìnrin lójú nígbà oyún tàbí nígbà tó bá ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, máa ń pẹ́ kó tó lọ, oòrùn sì lè tètè dá a padà. Bí àmì kan bá ń tóbi, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń yí àwọ̀ padà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpara mọ́. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà ni kí ẹ gbà lọ.

Nínú èyí tí ènìyàn lè rà fúnra rẹ̀, èròjà ìpara méjì, niacinamide (oríṣi fítámì B3 kan) àti azelaic acid, ni mo fẹ́ gbé síra wọn. Niacinamide, tí ìwọ̀n 4% tàbí 5% ti tó, rọ awọ lọ́rùn, kì í sábà ta ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò yá. Azelaic acid tó jẹ́ 15% tàbí 20% lágbára jù ú lọ, ó ń bá irorẹ́ àti àpá rẹ̀ jà pọ̀, ó sì wà lára ìwọ̀nba tí àwọn dókítà ń fàyè gbà fún aláboyún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè máa yún ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí owó bá ká a, òun ni èmi yóò mú. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta.

Hydroquinone sábà máa ń yára ju méjèèjì lọ, àmọ́ oògùn tí dókítà ń kọ, tó sì ń dá dúró lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni, kì í ṣe ìpara ojoojúmọ́. Ẹni tó bá ń lò ó fún ọdún gbọọrọ lè rí i kí ojú rẹ̀ dúdú bí aró, èyí tó ṣòro gan-an láti mú kúrò. Aláboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ìpara tí wọ́n pò sínú ike tí kò ní orúkọ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Òun ló ń yára fi iṣẹ́ hàn, ìyára yẹn gan-an ló sì yẹ kó fu yín lára, nítorí clobetasol (oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù tó le gan-an) tàbí mẹ́kúrì ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Clobetasol ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń fa ìlà sí ara, irorẹ́ a sì tún bo ojú. Mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́. Bí ẹ bá rí “calomel”, “mercurous chloride” tàbí “ammoniated mercury”, tí gbogbo wọn jẹ́ orúkọ mẹ́kúrì, lára páálí, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Èyí tí kò bá ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má rà á. (Pé wọ́n kọ “organic” sára ike kò sọ ohunkóhun fún wa.)

Òrí dára fún awọ gbígbẹ, kì í pa àmì rẹ́. Ẹ jìnnà sí omi ọsàn wẹ́wẹ́, nítorí bí oòrùn bá pa á lára awọ, ó lè jó o, kó sì tún fi àmì dúdú tuntun sílẹ̀.

Bí owó yín kò bá ju ti ohun kan lọ, ìpara adènà oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń pàtẹ àdìrẹ níta ní Ìtòkú, nítorí kò sí èyí tí mo dárúkọ lókè tó lè borí oòrùn tó ń pa ojú lójoojúmọ́. SPF (ìwọ̀n agbára tó fi ń dènà oòrùn) 30 ni kó kéré mọ, ẹ sì máa tún un fi lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì. Èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀, tí wọ́n fi iron oxide (èròjà tó ń fún un ní àwọ̀ yẹn) sí, sàn fún aláwọ̀ dúdú ju èyí tó funfun lọ: ó ń dí ìmọ́lẹ̀ tí èyí funfun kò lè dí, kì í sì í sọ ojú di eléfun. Ẹ kùn ún díẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ jáde síta wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, kí ẹ tó sanwó.