Géèmù tí kò tíì parí: èwo ni kí ẹ rà báyìí, èwo ni kí ẹ dúró dè?

Wọ́n ní ẹni tó bá ní sùúrù yóò fún wàrà kìnìún mu. Wọn ò sọ pé kó sanwó wàrà náà sílẹ̀ kó tó wọgbó. Early Access gan-an nìyẹn: ẹ ó sanwó lónìí fún géèmù tí àwọn tó ń ṣe é kò tíì ṣe tán, ẹ ó máa gbá a bó ṣe wà, ìyókù á sì máa tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, bó bá máa tẹ̀ lé e. Ọdún 2013 ni Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣí ẹ̀ka yìí, àmọ́ àṣà náà ti wà ṣáájú rẹ̀. Láti 2009 ni wọ́n ti ń ta Minecraft, ó sì di oṣù Kọkànlá ọdún 2011 kí wọ́n tó sọ pé ó parí.

Mo kó mẹ́rin jọ síbí fún ẹni tó fẹ́ rà: Factorio, Project Zomboid, Valheim àti Hades II. Ìkarùn-ún wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n torí kí ẹ má baà rà á ni mo ṣe mú un wá.

| Géèmù | Ìgbà tó wọ Early Access lórí Steam | Ibi tó dé ní ìparí ọdún 2025 |
|---|---|---|
| Factorio | Oṣù Kejì 2016 | Ó parí ní oṣù Kẹjọ 2020 |
| Project Zomboid | Oṣù Kọkànlá 2013 | Kò tíì parí |
| Valheim | Oṣù Kejì 2021 | Kò tíì parí |
| Hades II | Oṣù Karùn-ún 2024 | Ó parí ní oṣù Kẹsàn-án 2025 |

Ẹni tó bá wo àtẹ yìí nìkan á ní Hades II ni ọmọ rere, Project Zomboid sì ni ọ̀lẹ ilé. Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá bi mí pé èwo nínú méjèèjì ló yẹ kéèyàn rà nígbà tí kò tíì parí, Project Zomboid ni mo máa mú. Iye ọdún kọ́ ni mò ń wò. Ohun tó ti wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí owó kúrò lọ́wọ́ mi ni mò ń wò.

Hades II àti Project Zomboid

Supergiant tó ṣe Hades II kì í ṣe àjèjì sí ọ̀nà yìí. Ìparí 2018 ni Hades àkọ́kọ́ gba ibẹ̀ wọlé, oṣù Kẹsàn-án 2020 ló sì parí. Ti ìkejì kò pé oṣù mẹ́tàdínlógún. Bí ẹ bá ń wá àwọn tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kì í yẹ̀, àwọn nìyí. Àmọ́ ìtàn ni Hades II ń sọ, òpin ìtàn náà gan-an kò sì sí nínú rẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n ní ó parí. Ẹni tó rà á ní 2024 ja ìjà tó dùn, ó rìn títí dé ibi tí ọ̀nà ti já, ó wá jókòó síbẹ̀. Nígbà tí òpin fi máa dé, ọwọ́ rẹ̀ ti gbàgbé ohun ìjà tó fẹ́ràn, òun fúnra rẹ̀ sì ti gbàgbé ìdí tí àwọn òrìṣà inú rẹ̀ fi ń bínú síra wọn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ ohun kan tó máa ń ya àwọn ọ̀rẹ́ mi lẹ́nu: bí géèmù bá jẹ́ ti ìtàn, àwọn tó ṣeé fọkàn tán jù ló yẹ kẹ́ ẹ dúró dè. Tó bá ti dá yín lójú pé ó máa parí, kí lẹ ń sáré fún? Ní báyìí tí Hades II ti parí, kò sí ohun tí ẹ ó tún máa dúró dè mọ́.

Project Zomboid ò ní òpin ìtàn kankan tí ẹnikẹ́ni lè fi pa mọ́ fún yín. Kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan, ó ti kọ ọ́ sójú yín pé bí ẹ ṣe kú nìyí. Ẹ ó wá oúnjẹ, ẹ ó ti ilẹ̀kùn, òkú tó ń rìn á sì pa yín lọ́jọ́ kan. Irú géèmù báyìí, ìlàjì rẹ̀ náà tó gbá. Ọdún 2011 ni wọ́n ti ń tà á, kí ó tó dé Steam rárá. Lọ́dún yẹn náà ni àwọn olè wọ ilé àwọn tó ń ṣe é, tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà lọ pẹ̀lú iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti sin géèmù yìí nínú ọkàn wọn látìgbà náà, kò sì kú.

Bí wọ́n ṣe lọ́ra tó, ẹ gbọ́: Build 41 (Build ni wọ́n ń pe ẹ̀dà géèmù náà kọ̀ọ̀kan) dé ọwọ́ àwọn tó fẹ́ dán an wò ní oṣù Kẹwàá 2019, ó sì di oṣù Kejìlá 2021 kó tó di ti gbogbo ènìyàn. Build 42 wá dé fún ìdánwò ní oṣù Kejìlá 2024, kò sì sí pé kí ènìyàn púpọ̀ jọ gbá a nínú rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Ohun tí wọ́n ṣe dáadáa ni pé wọn ò fipá gbé tuntun lé ẹnikẹ́ni lórí. Ẹni tó fẹ́ Build 42 nígbà tó dé á lọ yàn án fúnra rẹ̀ níbi tí Steam pè ní Betas. Ẹni tí kò bá yàn án, 41 tó dúró sójú kan ló wà níwájú rẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé ayé tí ẹ ti kọ́ nínú 41 kò ní bá yín wọ 42. Ẹni tó ti fi oṣù mẹ́ta to ilé rẹ̀ á sunkún.

Valheim àti àtẹ ìlérí rẹ̀

Ènìyàn márùn-ún ló wà nídìí Valheim, géèmù Viking tí ẹ ti ń kọ́lé tí ẹ sì ń rìn káàkiri ayé, nígbà tó jáde. Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, wọ́n ti ta mílíọ̀nù 5. Wọ́n ti gbé àtẹ ìlérí jáde pé àfikún ńlá mẹ́rin máa dé láàárín 2021. Ẹyọ kan ló dé, Hearth & Home, ní oṣù Kẹsàn-án. Mistlands tí wọ́n kà mọ́ ti ọdún náà di oṣù Kejìlá 2022. Ashlands di oṣù Karùn-ún 2024.

Kì í ṣe pé wọ́n ná owó náà tán lórí fàájì. Èrò tó ya wọlé ló tú gbogbo àléébù síta. Ohun tí kò hàn nígbà tí ènìyàn díẹ̀ ń gbá a, mílíọ̀nù ènìyàn rí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àtúnṣe sì gba àkókò tí wọ́n ti pín fún àfikún. Wọ́n kó kàlẹ́ńdà yẹn tì. Inú bí àwọn ènìyàn gan-an, èmi náà kùn díẹ̀. Àmọ́ mo ti gbá a fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí n tó rántí kùn, èyí sì yẹ kó sọ nǹkan fún ẹni tó fẹ́ rà.

Ohun kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Mistlands dé, ibi tí ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbá a kò tíì dé nìkan ló ti yọ jáde. Ẹni tó ti wa ọkọ̀ yí gbogbo ayé rẹ̀ ká ní láti wá ayé mìíràn. Ẹ fi apá kan sílẹ̀ láìdé ibẹ̀.

Factorio ni òṣùwọ̀n

Géèmù yìí, tí ẹ ti ń kọ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, ti parí, mo kàn fi ń wọn àwọn tó kù ni. Ní Prague ni wọ́n ti ṣe é, 2013 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé lọ́jọ́ Ẹtì nípa ohun tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ náà, títí kan ohun tó bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọn kì í tà á ní ẹ̀dínwó. Dọ́là 20 ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó di 30 ní 2018, ó di 35 ní oṣù Kìíní 2023. Ẹni tó tètè rà á jèrè. Tó bá jẹ́ owó ló ń dùn yín jù, ẹ wo ìyẹn dáadáa nínú géèmù yòówù tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà: ṣé wọ́n sọ pé owó rẹ̀ máa gòkè tó bá parí? Ìbéèrè yìí wà lójú ìwé gbogbo géèmù Early Access lórí Steam, pẹ̀lú ìdáhùn àwọn tó ń ṣe é. Ìbéèrè mìíràn tún wà níbẹ̀ pé yóò ti pẹ́ tó. Ẹ fi ìdáhùn yẹn wé ọjọ́ tí géèmù náà jáde, ẹ ó rẹ́rìn-ín.

Èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ rà

Kerbal Space Program àkọ́kọ́, géèmù tí ẹ ti ń kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì, gba ọ̀nà Early Access, ó sì parí ní oṣù Kẹrin 2015. Ìkejì, Kerbal Space Program 2, ni ẹ kò gbọdọ̀ rà: ó dé ní oṣù Kejì 2023 pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn rẹ̀, ní iye géèmù tó ti parí, nǹkan bíi dọ́là 50. Ìlú kíkọ́ sórí pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn wà lórí àtẹ ìlérí rẹ̀, ìrìn àjò sí oòrùn mìíràn wà níbẹ̀, kí ènìyàn púpọ̀ jọ gbá a náà wà níbẹ̀. Ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dé. Oṣù Kẹfà 2024 ni wọ́n fọwọ́ kàn án kẹ́yìn; wọ́n ti ní kí àwọn tó ń ṣe é máa lọ sílé. Ẹ fi wé Project Zomboid: ọ̀kan lọ́ra fún ọdún méjìlá, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń mú nǹkan wá, èkejì ní owó, ó dákẹ́. Láti 2025, Steam ti ń fi ìkìlọ̀ sójú géèmù Early Access tí wọn ò bá fọwọ́ kàn fún ohun tó lé lọ́dún kan. Ẹ má fojú fo ìkìlọ̀ yẹn nítorí fídíò tó rẹwà.

Ẹ lè gba owó yín padà lórí Steam tí kò bá tíì pé ọjọ́ 14 tẹ́ ẹ rà á, tẹ́ ẹ kò sì tíì gbá a tó wákàtí méjì. Wákàtí méjì yìí kò tó nǹkan. Mo ti fi èyí tó ju ìlàjì rẹ̀ yan irun fún ẹni tí mo fẹ́ lò nínú géèmù kan, nígbà tí mo wọlé ni mo tó rí i pé kọ̀ǹpútà mi ò lè gbé e. Ẹ kọ́kọ́ lọ síbi tí géèmù náà ti wúwo jù, ibi tí èrò tàbí ọ̀tá pọ̀ sí, kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń rìn. Irun á dúró.

Ní tèmi, bí mo bá ní ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí a lè jọ gbá a, Valheim ni mo máa rà lónìí. Bó bá jẹ́ èmi nìkan ni, Project Zomboid ni, Build 41, n ò sì ní ṣí ojú ìwé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ Build 42 rárá.