Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilé kéékèèké fún ojú irin àwòṣe ní Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń fi ọwọ́ ara yín kọ́ ibùdókọ̀ ojú irin kéékèèké sílé, ẹ jọ̀wọ́, ọlọ́jà kan wà tó ń polówó lórí WhatsApp pé òun ń gé ilé pákó ní ìwọ̀n 1:87, ìyẹn ni pé mílímítà 1 lára àwòṣe dúró fún mílímítà 87 lára ohun gidi, nílùú Abẹ́òkúta níbí. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí i kí ẹ tó ka ohun tí ojú mi rí. Orúkọ tó fi gba owó lọ́wọ́ mi kọ́ ló ń lò mọ́, ṣùgbọ́n ọjà náà àti àwòrán rẹ̀ kò yí padà.

Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń ṣe àwòṣe ibùdókọ̀ Lafẹ́nwá, pẹ̀lú àwọn ilé tí páànù wọn ti dípẹtà nísàlẹ̀ Òkúta Olúmọ. Ilé mẹ́wàá àti àpò méjì ọ̀kúta wẹ́wẹ́ tí a ń tẹ́ sábẹ́ irin ni mo san ₦85,000 fún. Nígbà tí ẹrù dé, mo mú ọ̀kan nínú àwọn ère èrò ọkọ̀ tí mo ti kùn lọ́dà, tó ga ní mílímítà 20, mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà ilé àkọ́kọ́. Àtẹ́rígbà kò kọjá àyà rẹ̀. Mo fi rúlà wọn ilẹ̀kùn náà, mílímítà 13 péré ni. Ilẹ̀kùn gidi tó ga ní mítà 2 yẹ kí ó jẹ́ mílímítà 23 ní ìwọ̀n 1:87. Ní ìwọ̀n 1:150 ni ó ń di 13. Irú ilé tí àwọn ayàwòrán ilé ń tò sórí pátákó láti fi han oníbàárà wọn ni ó tà fún mi, kì í tilẹ̀ ṣe pákó, ike funfun tí wọ́n fín ọ̀dà aláwọ̀ igi sí lára ni.

Mo kọ́kọ́ mú sùúrù, nítorí pé ilé tó kéré ju ìwọ̀n lọ ṣì wúlò bí a bá gbé e sẹ́yìn pátápátá, lórí òkè, níbi tí ojú yóò ti rò pé ó jìnnà ni. Ọ̀kúta wẹ́wẹ́ yẹn ni n kò lè gbójú fò. Yanrìn odò tí wọ́n fi asẹ́ jọ̀ ni, mo sì ti tẹ́ ẹ láti ìdí afárá dé ibùdókọ̀, mo ti da àtè funfun tí mo fi omi là sí i, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ kí àtè náà lè wọlé dáadáa, kí n tó rántí pé ó yẹ kí n ti fi òòfà wò ó. Nígbà tí mo da èyí tó kù sórí bébà, tí mo sì fi òòfà rà á kọjá, ègé irin dúdú kéékèèké bò ó bí irùngbọ̀n. Òòfà wà nínú mọ́tò kékeré tó ń wa ọkọ̀ ojú irin àwòṣe wa, òun náà sì ń fa irin wọ̀nyí mọ́ra bí ọkọ̀ ti ń kọjá lórí wọn. Ọkọ̀ mi tó dára jù lọ ti ń ké, ó sì ń dúró lójú ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ha ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́.

Nígbà tí mo pe ọlọ́jà náà, ó ní àwòrán tí mo rí ni mo rà, ó sì ti nọ́ńbà mi pa. Lóòótọ́, kò sí rúlà tàbí ère èrò kankan nínú àwòrán rẹ̀ tí a lè fi mọ bí ilé náà ti tóbi tó. Ẹ ní kí ó ya ilẹ̀kùn pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún yín, kí ó sì jẹ́ kí ẹ pàdé ní gbangba, kí ẹ mú òòfà lọ́wọ́, kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Èmi bẹ̀ ẹ́ pé kí a pàdé ní Kútọ̀, ó kọ̀, ó ní kí n san gbogbo owó ná; ibẹ̀ ni ó yẹ kí n ti padà lẹ́yìn rẹ̀.

Gbogbo ilé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá àti àpò yanrìn kan ṣì wà lọ́dọ̀ mi, fún ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá fẹ́ fi wọ́n wé èyí tí wọ́n ń polówó fún un.